Ìka Tó Fẹsẹ̀ Rìn Wá

Èmi ni mo ń yí kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ ìrèké lọ́jọ́ náà.
Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí ìyá mi kì í sọ ọ́.
Bí ará Madurai bá bi í, á ní, “Ẹ̀rọ ni,”
àfi bí ẹni pé ẹ̀rọ ní apá tó fi ń yí ara rẹ̀.
Oòrùn mú, oníbàárà mẹ́ta ń retí omi ìrèké.
Ó ti ọ̀pá kan bọ àárín irin méjì,
mo rí ìka rẹ̀ tó tẹ̀lé ìrèké wọlé,
ọwọ́ mi sì tún yí i lẹ́ẹ̀kan sí i
kí etí mi tó gbọ́ igbe.
Ẹ̀ẹ̀kan yẹn. Mo ṣì ń yí i lójú oorun.

Àtàǹpàkò ọ̀tún lọ.
Pọnnutáyì, tó ti ń so òdòdó mallì láti ọmọ ọdún mẹ́fà,
tó máa ń fi ìka ẹsẹ̀ méjì há òwú kó le gbọingbọin,
tí ọwọ́ rẹ̀ á máa ta kókó, kókó, kókó,
ìgbọ̀nwọ́ òdòdó kan kí ìrẹsì tó hó,
ó wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n gba ahọ́n lẹ́nu rẹ̀.
Ìka mẹ́rin tó kù ń na ara wọn sínú afẹ́fẹ́,
wọn ò rí ẹni bá pàdé.

Dókítà Navamáni ya àwòrán sẹ́yìn rìsíìtì:
ẹsẹ̀, ọwọ́, ọfà kan láàárín wọn.
“Ìka kejì ẹsẹ̀ òsì. A ó yọ ọ́, a ó gbìn ín síbí.”
Bàbá àgbà mi bínú jáde.
Ẹsẹ̀ tó ń tẹ ilẹ̀ẹ́lẹ̀,
ṣé òun ni yóò máa bu oúnjẹ sẹ́nu?
Ìyá mi wo ẹsẹ̀ rẹ̀ títí.
“Ó ti pẹ́ tó ti ń bá mi di òwú mú,” ó ní.
“Kì í ṣe àjèjì sí iṣẹ́ náà.”

Wákàtí mọ́kànlá. Iṣan tó tín-ín-rín ju òwú lọ
ni wọ́n ń so mọ́ra wọn lábẹ́ awò.
Mo wà níta, mo ń ka bíríkì ara ògiri.
Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì, ó pọ́n bí ọmọ tuntun,
ó kúrú, orí rẹ̀ rí roboto,
kò jọ ará ilé.

Wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà;
ẹnikẹ́ni ò sọ pé ẹsẹ̀ lè yọjú síbi àpérò náà.
Fún oṣù mẹ́jọ, bí mo bá fọwọ́ kàn án,
á ní, “Ẹsẹ̀ mi lo kàn yẹn.”
Lọ́jọ́ kan mo kàn án, ó dákẹ́,
ó ní, “Ọwọ́ rẹ tutù.”

Ṣọ́ọ̀bù ìrẹsì ìjọba ni kò gbà.
Ó tẹ àtàǹpàkò tuntun mọ́ dígí ẹ̀rọ kékeré náà:
iná pupa. Ó fi sàárì nù ún, ó tún tẹ̀ ẹ́:
iná pupa. Ẹ̀rọ ní òun ò mọ obìnrin yìí rí.
Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ láti ọdún yẹn:
“Kò jẹ̀bi. Níbi tí eléyìí ti ń bọ̀,
wọn kì í bi í lórúkọ.”

Ilé ìwòsàn fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́.
Ṣé ó lè ṣí ìdérí ìgò? Bẹ́ẹ̀ ni, bí kò bá le jù.
Ṣé ó lè de bọ́tìnì? Kò wọ aṣọ oníbọ́tìnì rí.
Ṣé ó ń dùn ún? Lásìkò òjò,
àti níbi tí ẹsẹ̀ ti ṣófo.
Wọn ò bèèrè mallì.
Wọn ò bèèrè èmi náà.

Ìgbọ̀nwọ́ kan ń gbà á ní odidi òwúrọ̀ báyìí,
kókó rẹ̀ tóbi, òdòdó mìíràn a sì máa já.
Kò tà á. Ó ní kí n kọ ẹ̀yìn sí òun,
ó ń fi í há irun mi díẹ̀díẹ̀.
Èékánná yẹn nípọn, ó ń họ mí lọ́rùn.
“Dúró jẹ́ẹ́,” ó ní,
“ìwọ tí ọwọ́ rẹ kì í tètè dúró.”
Mo dúró.